Ìlọsíwájú Àwùjọ àti Ìkórìíra Àlejò ní Ilẹ̀ Yúróòpù

(Àròkọ Alálàyé)

Orí-ọ̀rọ̀: Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà ní Yúróòpù tí gbogbo ayé ń yìn nítorí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ará ìlú. Síbẹ̀, ìkórìíra àlejò ń gbèrú níbẹ̀. Ṣàlàyé ohun tí ó fà á.

Ìmọ̀ràn fún Aṣèdánwò

Ka orí-ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú kálàmù. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni “ṣàlàyé”. Olùdánwò kò ní kí o bú òyìnbó, kò sì ní kí o gbè é lẹ́yìn. Ohun tí ó fẹ́ ni kí o la ọ̀rọ̀ náà yé òun: kí ni ó ṣẹlẹ̀, báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ni ó dá a sílẹ̀, kí ni ó sì tìdí rẹ̀ yọ?

Kòtò méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jìn sí nídìí irú àròkọ yìí. Àwọn kan yóò kọ ọ́ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òyìnbó ti kórìíra ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ kò jọ tirẹ̀, wọn yóò sì máa bú u títí ìwé yóò fi kún. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn àlejò ni ó ń jalè, àwọn ni ó ń ba ìlú jẹ́, ohun tí wọ́n fọwọ́ fà ni ojú wọn ń rí. Àwọn méjèèjì kò ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹjọ́ ni wọ́n dá. Ìwọ náà sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Kò tún yẹ kí o dárúkọ gbogbo orílẹ̀-èdè Yúróòpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mú ẹyọ kan tí o mọ̀ dáradára, kí o sọ ìtàn rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí o sì fi ọ̀kan tàbí méjì mìíràn ṣe ẹlẹ́rìí. Swídìn ni a mú níhìn-ín. Dẹ́nmáàkì, Nọ́wè àti Họ́láńdì ni ẹlẹ́rìí wa.

Ìlapa Èrò

1. Ìfáàrà: ohun tí ìlọsíwájú àwùjọ jẹ́, àti ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn.
2. Bí Swídìn ṣe di ìlú tí ayé ń yìn.
3. Bí àwọn àlejò ṣe dé ibẹ̀.
4. Àwọn ohun tí ó fa ìkórìíra: (a) ibùgbé àti iṣẹ́, (b) iye àwọn tí ó dé lẹ́ẹ̀kan náà, (d) ìwà jàǹdùkú, (e) ọgbọ́n àwọn òṣèlú, (ẹ) fífi ìlọsíwájú fúnra rẹ̀ ṣe ohun ìjà.
5. Ohun tí ìkórìíra náà bí.
6. Ojú kejì ọ̀rọ̀.
7. Ìkádìí.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Bí a bá ní ìlú kan ti lọ síwájú, kí ni à ń wí gan-an? Kì í ṣe ilé gogoro tàbí ọ̀nà ọlọ́dà nìkan ni. Ìlú tí ó lọ síwájú ni ìlú tí ọmọ tálákà ti lè kàwé láìjẹ́ pé baba rẹ̀ fi oko dógò, tí aláìsàn ti ń rí ìtọ́jú láìkó sí gbèsè, tí arúgbó ń jẹun láìṣagbe, tí obìnrin sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn orílẹ̀-èdè ayé, Swídìn, tí ó wà ní àríwá Yúróòpù, yóò wà lára àwọn tí yóò ṣíwájú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dìbò níbẹ̀ ní ọdún 2022, nínú ìbò 100 kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 20 tí ó bọ́ sọ́wọ́ Sweden Democrats, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó jẹ́ pé dídín àlejò kù ni olórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àwọn kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ sì ti bá àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler rìn rí. Báwo ni àgbàlá kan náà ṣe hu irúgbìn méjì tí kò jọra báyìí? Èyí ni ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn.

Ẹ má ṣe rò pé ọlọ́rọ̀ ni àwọn ará Swídìn láti ilẹ̀. Ìyàn ńlá mú níbẹ̀ láàárín ọdún 1867 sí 1869. Láti àárín ọ̀rúndún náà títí di nǹkan bí ọdún 1930, ó lé ní mílíọ̀nù 1 ènìyàn tí ó fi Swídìn sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn náà dé ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbọ́ èdè, wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn, àwọn onílé sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a fi èyí sọ́kàn: ọmọ-ọmọ ẹni tí ó jẹ́ àlejò lánàá ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ohun tí ó yí ìlú náà padà ni ìmọ̀ràn kan tí olóṣèlú Per Albin Hansson gbé kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1928. Ó ní ó yẹ kí orílẹ̀-èdè rí bí ilé rere, níbi tí kò ti sí ọmọ ààyò, tí kò sì sí ọmọ orogún. Ní 1932, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ olórí fún gorí àlééfà, ẹgbẹ́ náà ni ó sì ṣe ìjọba fẹ́rẹ̀ẹ́ láìdáwọ́ dúró títí di 1976. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé náà. Ní 1948 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìtọ́jú ọmọ fún gbogbo òbí. Ní 1955 ètò ìtọ́jú àìsàn kárí tolórí-tẹlẹ́mù. Ní 1962 wọ́n sọ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 9 di dandan fún gbogbo ọmọ. Ní 1974, Swídìn ni ó kọ́kọ́ fún baba ní ẹ̀tọ́ láti gba ìsinmi ìtọ́jú ọmọ bí ìyá. Ní 1979, òun náà ni ó kọ́kọ́ fi òfin de nína ọmọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sanwó rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi èsúsú ṣe àpẹẹrẹ. Nínú èsúsú, olúkúlùkù ń dá, olúkúlùkù ń kó. Bí ọjà bá tà, bí kò bá tà, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀. Ohun tí ó so ó ró kì í ṣe owó, ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ọjọ́ tí àwọn kan bá rò pé ẹnìkan fẹ́ kó láìdá, ọjọ́ náà ni ariwo yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò Swídìn rí. Owó orí tí ará ìlú ń san pọ̀ púpọ̀, ó sì ń san án nítorí ó gbàgbọ́ pé aládùúgbò òun náà ń san tirẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni ògo ìlú náà. Ibẹ̀ náà sì ni ìfura ti ń wọlé, nítorí pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ní ẹnu ọ̀nà, gbogbo ilé ni ó sì ní ògiri.

Kódà kí àwọn àlejò tó dé rárá, ilé rere náà ti ń béèrè ẹni tí ó yẹ kó gbé inú rẹ̀. Ní 1922, ìjọba dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní ìlú Uppsala láti máa wọn orí àti imú ènìyàn, kí wọ́n lè mọ ẹ̀yà tí ó “dára” yàtọ̀ sí èyí tí kò “dára”. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1934 àti 1941 fún àwọn dókítà ní àṣẹ láti sọ àwọn ènìyàn kan di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Títí di àárín àwọn ọdún 1970, nǹkan bí ènìyàn 63,000 ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ni kò sì fínnú-fíndọ̀ gbà á. Ní 1999 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìtanràn fún wọn. Àwọn tí ó ṣe òfin yìí kì í ṣe òpè. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń pe ara wọn ní onílọsíwájú ni. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé ìlọsíwájú àti ìyàsọ́tọ̀ lè gbé inú ilé kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn àlejò ṣe dé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Swídìn ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ará Fínláńdì, Ítálì, Yugosláfíà, Gíríìsì àti Tọ́kì. Àwọn wọ̀nyí kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó ríṣẹ́. Wọ́n ń san owó orí, wọ́n sì ń dá èsúsú bí onílé. Ìlú náà gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀. Láti 1976, àlejò tí ó bá ti gbé níbẹ̀ fún ọdún 3 lè dìbò ìjọba ìbílẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ onílẹ̀. Ní 1977 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àlejò ní èdè abínibí wọn nílé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ dínkù, wọ́n sì dẹ́kun pípe òṣìṣẹ́ láti òkèèrè. Irú àlejò mìíràn ni ó wá ń dé: àwọn ogunléndé. Àwọn ará Ṣílè dé lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba 1973. Àwọn ará Ìráànì àti Ìráàkì dé ní àwọn ọdún 1980. Àwọn ará Bósníà dé ní àwọn ọdún 1990. Àwọn ará Sòmálíà àti Síríà tẹ̀lé wọn. Ní 1940, nínú ènìyàn 100 ní Swídìn, nǹkan bí ẹnìkan péré ni a bí sí ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ó fi di 2020, ó ti tó ẹnìkan nínú ènìyàn 5. Ìlú díẹ̀ ni ó yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ ayé ẹnìkan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó dá ìkórìíra sílẹ̀ ni ibùgbé àti iṣẹ́. Láàárín 1965 sí 1974, ìjọba kọ́ ilé mílíọ̀nù 1 kí gbogbo ènìyàn lè rí ibi gbé. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ọwọ́ wọn tẹnu kó kúrò nínú púpọ̀ nínú àwọn ilé alájà gígùn náà, àwọn àlejò sì kó síbẹ̀. Bí Rinkeby àti Husby ní Stockholm ṣe rí nìyẹn, àti Rosengård ní Malmö. Ọmọ àlejò ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ àlejò kún. Onílé kò sì mọ̀ ọ́n ju ohun tí ó rí kà nínú ìwé ìròyìn lọ. Lórí èyí ni ọdún 1990 sí 1993 tún dé, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Àwọn aláìríṣẹ́ṣe, tí kò tó 2 nínú 100 òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀, di ẹni tí ó lé ní 8. Àwọn àlejò ni ó kọ́kọ́ pàdánù iṣẹ́ wọn, àwọn ni ó sì pẹ́ jù kí wọ́n tó rí òmíràn. Èdè ṣòro fún wọn, àwọn agbanisíṣẹ́ kò ka ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà nílé sí, orúkọ wọn pàápàá a sì máa ṣèdíwọ́ fún wọn. Onílé tí ó ń wò wọ́n kò rí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wọn lójú; owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń gbà ni ó rí. Òwe àwọn àgbà bá a mu lẹ́nu: onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ̀ kan ẹ̀wà. Òótọ́ kọ́ ni pé ẹ̀wà ni gbogbo wọn ń béèrè. Iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Ṣùgbọ́n ìfura kì í dúró gbọ́ àlàyé.

Èkejì ni iye àwọn tí ó dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2015, nígbà tí ogun Síríà gbóná janjan, nǹkan bí ènìyàn 163,000 ni ó wá bẹ̀bẹ̀ fún ààbò ní Swídìn, orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 10 nígbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, olórí ìjọba, Stefan Löfven, dúró níwájú àwùjọ ní Stockholm, ó ní Yúróòpù tí òun mọ̀ kì í mọ odi. Ní oṣù kọkànlá, ìjọba rẹ̀ kan náà kéde pé òun yóò sé ẹnu ọ̀nà kù. Igbákejì rẹ̀, Åsa Romson, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ibùsùn ti tán, olùkọ́ kò tó, àwọn kan sì ti ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọkàn àwọn aṣáájú náà kò yí padà láàárín oṣù méjì. Agbára ni kò gbé e.

Ẹ̀kẹta ni ìwà jàǹdùkú. Láti àwọn ọdún 2010, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn tí ń ta oògùn olóró bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa ara wọn ní àwọn ìlú ńlá Swídìn. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà jẹ́ ọmọ àlejò, ṣùgbọ́n Swídìn ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn sí. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kò fẹ́ dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ayé má baà ní àwọn kórìíra àlejò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ni ògiri tí ó lanu. Àwọn tí ó kórìíra àlejò ni ó wọlé gba ibẹ̀, tí wọ́n sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀ di ti gbogbo ẹ̀yà. Ẹni tí ìbọn náà sì ń dún mọ́ létí jù lóru ni ìyá àlejò tí ń gbé àdúgbò kan náà, tí ó ń jí lọ síṣẹ́ ní òwúrọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọgbọ́n àwọn òṣèlú. Ní 1991, ẹgbẹ́ tuntun kan tí ń sọ̀rọ̀ òdì sí àlejò wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọdún 3 péré ni ó lò kí ìbò tó gbá a dànù. Sweden Democrats gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bọ́ aṣọ ológun, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n lé àwọn tí ẹnu wọn burú jù kúrò láàárín ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé àwọn fẹ́ dá “ilé rere” àtijọ́ padà fún àwọn arúgbó. Ní 2010 wọ́n rí 5.7 nínú ìbò 100. Ní 2014, ó di 12.9, ní 2018, 17.5, ní 2022, 20.5. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù kọ̀ láti bá wọn da nǹkan pọ̀ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdìbò 2022, ìjọba tí Ulf Kristersson darí gbára lé ìbò wọn nílé aṣòfin.

Ẹ̀karùn-ún ni ó yani lẹ́nu jù: wọ́n fi ìlọsíwájú fúnra rẹ̀ ṣe ohun ìjà. Ní Họ́láńdì, orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ fi òfin gba ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ní 2001, Pim Fortuyn kò sọ pé àwọ̀ àlejò ni kò dára. Ohun tí ó wí ni pé ẹ̀sìn wọn kò fi ọ̀wọ̀ fún obìnrin, kò sì gba irú àwọn ènìyàn bí òun, tí ó fẹ́ràn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, láyè. Ará Họ́láńdì kan yìnbọn pa á ní 2002. Ní 2004, ọ̀dọ́ kan tí òbí rẹ̀ wá láti Mòrókò pa Theo van Gogh tí ń ṣe fíìmù, ẹ̀rù sì gba ìlú kan. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò fẹ́ àlejò lè wí pé ẹ̀tọ́ obìnrin ni òun ń gbèjà. Nígbà mìíràn òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn àlejò kan wà tí ń fi ipá fún ọmọbìnrin lọ́kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọbìnrin náà nítòótọ́ yóò gbèjà rẹ̀. Kò ní lé òun àti ìyá rẹ̀ jáde.

Kí ni ìkórìíra yìí bí? Ikú ni ó kọ́kọ́ bí. Láàárín 1991 sí 1992, ọkùnrin kan ní Swídìn yìnbọn lu ènìyàn 11 tí àwọ̀ tàbí irun wọn fi wọ́n hàn bí àlejò. Ọ̀kan nínú wọn kú. Ní oṣù keje 2011, ọkùnrin kan ní Nọ́wè tí ó kórìíra àlejò pa ènìyàn 77 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó gba àlejò láyè ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ bíbí ilẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ní 2015, ọ̀dọ́kùnrin kan mú idà wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Trollhättan ní Swídìn, ó sì pa ènìyàn 3.

Ó tún bí òfin. Ní 2016, Dẹ́nmáàkì ṣe òfin tí ó fún ọlọ́pàá láṣẹ láti gba ohun iyebíye lọ́wọ́ ogunléndé bí iye rẹ̀ bá ju 10,000 owó kroner lọ. Ní 2018, òfin mìíràn kan ọmọ ọdún kan ní àwọn àdúgbò tí àlejò pọ̀ sí: òbí gbọ́dọ̀ fi í sí ilé ìtọ́jú ọmọ fún wákàtí 25 lọ́sẹ̀ kí ó lè kọ́ èdè àti ìṣe onílé. Ní Họ́láńdì, àwọn òṣìṣẹ́ owó orí fi ẹ̀sùn jìbìtì kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí tí ń gba owó ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìran àlejò, ẹ̀sùn náà kì í sì í ṣe òótọ́. Àwọn ìdílé di onígbèsè, tọkọtaya tú ká, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ òbí mìíràn. Nígbà tí àṣírí tú, gbogbo ìjọba fipò sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2021. Kò sí ẹni tí ó na ẹnìkan ní kòbókò. Fọ́ọ̀mù àti bírò ni wọ́n fi ṣe é. Irú ìkórìíra yìí ni ó ṣòro jù láti rí, nítorí ó máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ní ojú kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwádìí ti ń fi hàn pé àwọn ará Swídìn wà lára àwọn tí ó fara mọ́ àlejò jù ní Yúróòpù. Ní 2015 kan náà, àwọn ará ìlú dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin Malmö àti Stockholm, wọ́n ń fún ogunléndé ní oúnjẹ àti aṣọ òtútù. Ní 2006, Nyamko Sabuni, obìnrin tí a bí ní Bùrúńdì, di mínísítà níbẹ̀. Zlatan Ibrahimović, tí bàbá rẹ̀ wá láti Bósníà, Rosengård ni ó ti dàgbà. Góòlù 62 ni ó gbá wọlé fún Swídìn. A sì gbọ́dọ̀ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kí ó má ní ààlà: ẹni tí ó ní kí ìjọba ka iye àlejò tí agbára ìlú gbé kò tíì kórìíra ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń wo aládùúgbò rẹ̀ tí ó ti bá a gbé fún ogún ọdún bí olè nítorí orúkọ rẹ̀, ìkórìíra ni tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn, ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì aláwọ̀ pátápàtá tí wọ́n fi kẹ́rù lọ ni a ṣì ń pè ní “Ghana Must Go” títí di òní. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ni méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Ní ìparí, a ti rí i pé kì í ṣe àìlajú ni ó ń bí ìkórìíra àlejò ní Swídìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù kí ohun rere tí wọ́n ní má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ó ń bí i. Àdúgbò tí ó pín níyà ń tọ́ ọ, ìdákẹ́jẹ́ àwọn aṣáájú ń bọ́ ọ, àwọn òṣèlú sì ń kórè rẹ̀. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe pé kí a wó ilé rere náà. Kí wọ́n kọ́ àlejò ní èdè ní kíákíá, kí wọ́n jẹ́ kí ó ríṣẹ́ ṣe kí òun náà lè dá èsúsú, kí wọ́n fìyà jẹ ọ̀daràn lórúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe lórúkọ ìran rẹ̀, kí wọ́n sì sọ òótọ́ fún ará ìlú. Ilé tí Per Albin Hansson sọ pé kò gbọdọ̀ ní ọmọ orogún kò tíì parí ní kíkọ́. Bí wọ́n bá ṣe bá ọmọ tí a bí ní Rosengård lò ni a ó fi mọ̀ bóyá ilé ni, tàbí odi lásán.

Àkíyèsí

Jọ̀wọ́ ṣàkíyèsí nǹkan mẹ́rin nínú àròkọ yìí. Èkíní, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé kókó kan ṣoṣo, gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sì máa ń tọ́ka sí kókó náà. Èkejì, àpẹẹrẹ èsúsú tí a mú wọlé níbẹ̀rẹ̀, a tún padà sí i níparí. Má ṣe mú àpẹẹrẹ wọlé kí o sì gbàgbé rẹ̀ sójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta, òwe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ̀kẹrin, a gbọ́ tẹnu onílé, a sì gbọ́ tẹnu àlejò, kí a tó sọ èrò tiwa.

A mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àròkọ yìí gùn ju ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ, kí o lè rí ohun mú nínú rẹ̀. Nínú yàrá ìdánwò, mú ohun mẹ́ta péré nínú àwọn ohun tí ó fa ìkórìíra, kí o sì ṣàlàyé wọn dáradára.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Kọ ìlapa èrò fún orí-ọ̀rọ̀ yìí: “Ohun tí ó mú kí a lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà ní 1983, àti ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa.”
2. Fi ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí ìlú pààlà àti kí ìlú kórìíra àlejò.
3. Wá òwe méjì mìíràn lórí àlejò àti onílé, kí o sì sọ ibi tí ìwọ ìbá ti lò wọ́n nínú àròkọ yìí.